ÀTỌ́KA ORÚKỌ FÚN MÁÀPÙ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ojoojúmọ́ ni ẹnu wa ń dárúkọ Kétu, Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ́ máàpù síwájú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè fi ìka kàn wọ́n. Máàpù tí kò ní atọ́ka dà bí ọjà tí ẹ ò mọ ìsọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀: ẹ ó kàn máa rìn kiri ni.

Ẹ mú máàpù tó ní ìlà òró àti ìlà ìbú. Ẹ fi rúlà fa ìlà òró 2 títí dé 6, àti ìlà ìbú 6 títí dé 9. Ó di àpótí 12. Ọ̀wọ́ tó dúró, láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ pè é ní A, B, D, E. A ò ní C nínú lẹ́tà wa. Tí máàpù yín bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fo Ẹ, nítorí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tètè máa ń pa rẹ́. Ọ̀wọ́ tó dùbúlẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ kọ 1, 2, 3. Lẹ́tà ló ń ṣíwájú nọ́ńbà.

Ó yá. Ifẹ̀ wà ní D2, Òṣogbo náà D2, Abẹ́òkúta B2, Èkó B3, Ìlorin D1, Ṣakí B1, Adó-Èkìtì E2. Ẹ wo Ọ̀yọ́ dáadáa o. Ó sún mọ́ ìlà òró 4 tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ lè tàn wọ D2, ṣùgbọ́n àmì róbótó tó jẹ́ ìlú fúnra rẹ̀, B2 ló wà. Àmì yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé.

Odò kì í jókòó sójú kan. Odò Ògùn, tí àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń bọ Yemọja, ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí, ó sì wọ ọ̀sà Èkó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: Ògùn (odò), B1 dé B3. Ògùn ni odò, Ògún ni òrìṣà! Ọ̀pọ̀ máàpù òyìnbó kì í fi àmì ohùn sí i. Ẹ̀yin lẹ ó fi sí i.

Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí káàdì tirẹ̀, kí ẹ wá tò ó bí lẹ́tà Yorùbá ṣe tò. Èkó wà lábẹ́ E, Ẹdẹ wà lábẹ́ Ẹ, lẹ́yìn gbogbo E. Gbọ̀ngán kì í wọ àárín G, GB ní ààyè tirẹ̀. Òṣogbo ṣáájú Ọ̀yọ́.

Kétu ńkọ́? Méjì ni. Kétu ilẹ̀ Benin, tí àwọn ará Brazil fi ń pe orílẹ̀ Candomblé wọn, wà ní A2. Kétu ti Èkó wà ní B3. Ẹni tó ń wá orírun ilé rẹ̀, tó bá rí "Kétu" lásán, Èkó ló lè já sí. Torí náà, ẹ fi ilẹ̀ kún un.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́. Igbó awo tí àwọn àgbà ìlú ń pa mọ́, kò sí ohun tó kan máàpù wa níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ pe ọmọ tí kò bá yín ṣe é, kó wá ìlú márùn-ún. Èyí tí kò bá rí, ẹ tún káàdì rẹ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó fi gègé kọ ọ́.