Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: OHUN Ọ̀SÌN TÍ Ó SỌ NÙ

Ajá, ewúrẹ́ àti adìẹ a máa ṣìnà. Nítorí náà ni a ṣe ń fi àmì sí wọn lára. Àwọn kan a so àkísà pupa mọ́ apá adìẹ. Àwọn mìíràn a gé etí ewúrẹ́ díẹ̀, wọn a sì fi awọ sí ọrùn ajá.

Bí o bá rí ajá tí o kò mọ̀, má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ ajá dìgbòlugi, tí ìgéjẹ rẹ̀ ń pani. Pe àgbàlagbà. Bí ẹnìkan bá ní òun ni òun ni ín, ẹ má ṣe júwe ajá náà fún un. Ẹ bi í pé, "Àmì wo ni ó wà lára rẹ̀?" Ẹni tí ó ni ín yóò mọ̀ ọ́n, olè kò ní mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a rí he kì í ṣe tiwa. Àwọn àgbà ní, "Ẹni tí ó rí nǹkan he tí ó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, kí ni kí ẹni tí ó sọ ọ́ nù ṣe?"

Ìbéèrè
1. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí a ń fi sí ohun ọ̀sìn lára.
2. Kí ni ìtumọ̀ òwe yìí?