Ọmọ Yunifásítì Tí Ó Ń Sá Fún Oúnjẹ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí a bá ń yẹ ìwé yín wò, owó ilé-ìwé ọmọ ni púpọ̀ nínú ẹ̀yáwó. Ṣé ẹ ń béèrè ohun tí ọmọbìnrin yín ń jẹ níbẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni kí owó oúnjẹ tán. Ọ̀tọ̀ ni kí ó máa febi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, tàbí kí ó jẹun tán kí ó fọwọ́ bọ ọ̀fun láti bì í. Àìsàn ni.

Ebi a máa ba ọkàn jẹ́. Ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ní 1945, wọ́n dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù sí nǹkan bí ìlàjì fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìbànújẹ́ mú wọn, inú ń bí wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. (Ọkùnrin ni wọ́n o, ara wọn sì le tẹ́lẹ̀!)

Ọmọ tó rù bọ̀ wálé, ẹ má yìn ín. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.