Lẹ́tà sí Àkànní, kí o tó gun òkè

Àkànní ọmọ mi,

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Seattle yẹn ní kí o bá wọn lọ kó aláǹtakùn lórí òkè Cascades ní Sátidé. Ìyá rẹ ti pè mí, ó ní ṣé torí aláǹtakùn lòun ṣe rán ọ lọ sí Amẹ́ríkà. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ku ìwọ, torí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí lókè yẹn kí wọ́n tó bí ọ.

Kọ́kọ́ bi olórí yín léèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹ ń lọ. Bó bá jẹ́ inú Mount Rainier National Park ni, ẹ ò gbọdọ̀ mú aláǹtakùn kan ṣoṣo níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Má sì jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ tàn ọ́. Yìnyín lè wà nílẹ̀ lókè títí wọ oṣù Keje, àrá sì lè sán lọ́sàn-án gangan. Mú jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ̀ pé àlejò ni ọ́.

Nínú pápá, ẹ máa fi àwọ̀n gbá orí koríko lọ sọ́tùn-ún sósì. Tata àti ewé ni wàá kọ́kọ́ rí. Aláǹtakùn á ti ká ẹsẹ̀ jọ, á ṣe bí ìdọ̀tí. Kúnlẹ̀, ní sùúrù díẹ̀. Èyí tó bá na ẹsẹ̀, òun ni. Lábẹ́ igi páìnì, dojú agboòrùn dé, gbé e sábẹ́ ẹ̀ka, kí o fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà. Agboòrùn aláwọ̀ funfun ni kí o mú.

Létí adágún, láàárín òkúta, ni àwọn aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní Pardosa wà. Wọn kì í ta okùn dẹ ohun tí wọ́n máa jẹ, eré ni wọ́n fi ń lé e. Abo á so àpò ẹyin mọ́ ìdí, á máa gbé e kiri. Bí ẹyin bá pa, ó di kí ó pọn gbogbo ọmọ sẹ́yìn. Bí o bá rí èyí tó pọnmọ, wò ó títí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o sì jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Má kó àwọn kékeré náà. Èyí tí kò tíì dàgbà máa ń ṣòro láti fi orúkọ pè. Akọ tó ti dàgbà, ọwọ́ kékeré méjì tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ á wú lórí, bí ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an ni bébà inú ìgò tí ẹ máa kó aláǹtakùn sí. Ìgò ti pápá lọ́tọ̀, ti igi lọ́tọ̀, ti etí omi lọ́tọ̀. Má pa wọ́n pọ̀. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́, nítorí ọtí tí ẹ fi ń tọ́jú wọn á fọ bírò dànù. Kọ orúkọ ibẹ̀, nọ́ńbà tí GPS bá gbé jáde, gíga òkè, ọjọ́, ẹni tó mú un, àti bóyá lára koríko ni tàbí lábẹ́ òkúta. Inú ìgò ni kí bébà náà wà, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Orí ìdúró ni kí o ti kọ ọ́, má sọ pé ó di inú mọ́tò. Ní 2022, irú aláǹtakùn tí orúkọ wọn wà nínú World Spider Catalog tí wọ́n ń tọ́jú ní Bern, ní Switzerland, pé 50,000. Orúkọ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ́la bóyá èyí kan ń gbé ní pápá yẹn nígbà tí ẹ débẹ̀, bébà rẹ nìkan ló máa dá a lóhùn. Èyí tí kò ní bébà, ẹran inú ọtí lásán ni.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà lókè, ya àwòrán bébà ìgò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ẹ tó ṣí kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Bàbá Bódìjà