Táyà Ẹ̀yìn Tó Ń Jẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan: Ṣé Agolo La Fẹ́ Fi Tún Un Ṣe?

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo mọ́tò àlòkù, tí a sì ń dá a tún ṣe nílé kí owó lè ṣẹ́kù. Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan.

Bí táyà ẹ̀yìn kò bá dúró gún mọ́, ó lè máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níbi tí ojú kì í tètè dé. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ti iwájú ṣeé yí, ti ẹ̀yìn kò ṣeé yí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gé agolo, tí wọ́n ń há a sáàárín họ́ọ̀bù àti irin tó gbé e dúró.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: bí nọ́ọ̀tì méjì bá fi mìlímítà 100 jìnnà síra, tí a fi mìlímítà 1 há abẹ́ ọ̀kan, ríìmù tó fẹ̀ tó mìlímítà 350 á yí ní mìlímítà 3.5 láti etí kan dé èkejì. Nǹkan kékeré ló ń yí nǹkan ńlá! Agolo sì rọ̀. Bí a bá fún nọ́ọ̀tì lé e, á máa tẹ̀ rọ́, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Ta ló jókòó sẹ́yìn? Àwọn ọmọ wa ni.

Kí wá ni ká ṣe?

1. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ na okùn kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní gíga àárín ríìmù. Kí àlàfo okùn méjèèjì dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, kí mọ́tò sì wà láàárín gẹ́lẹ́. Ẹ wọn láti okùn dé etí ríìmù níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi ìyàtọ̀ wọn wé ohun tí ìwé mọ́tò sọ.

2. Ẹ wá ohun tó fà á: rọ́bà tó gbó, bẹ́ríìnì tó ti jẹ, irin tó tẹ̀. Kò sí ohun tí a há sí i tó lè wo ìyẹn sàn.

3. Bó bá ṣì kù, ẹ ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yín, tó kárí ojú họ́ọ̀bù. Kí mẹ́káníìkì fi í sí i, kó fún nọ́ọ̀tì bí ìwé ṣe sọ. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò pẹ̀lú.

Òfin ń kọ́? Ojú táyà gbọ́dọ̀ jìn tó mìlímítà 1.6, ó kéré tán, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àárín rẹ̀. Okùn inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yọ síta níbikíbi. Táyà kan tó lòdì sí òfin lè gba £2,500 àti póìǹtì 3 lọ́wọ́ yín. Táyà méjì di póìǹtì 6, ẹni tí kò tíì lo ọdún 2 lẹ́yìn ìdánwò ìwakọ̀ á sì pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Owó lè má tó lóòótọ́, àmọ́ okùn àti rúlà kò wọ́n. Ẹ yẹ táyà ẹ̀yìn wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ inú pàápàá.