Ọ̀nà Ọ̀fun àti Ẹ̀rù Àyẹ̀wò Inú

Àwọn wọ̀bìà ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ fún ará Adó-Èkìtì tàbí ará Ìyìn tí inú rírun ti ń dà láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ pé a ó ki kámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ̀ lọ wo inú, ìtumọ̀ mìíràn ni òwe náà ń ní lọ́kàn rẹ̀, oorun a sì dá lójú rẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ará ilé a máa ní kí aláìsàn má bẹ̀rù, wọ́n a sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù kì í gbọ́ àṣẹ; ohun tí ó ń dín in kù ni kí ènìyàn mọ ohun tí a ó ṣe fún un, bí yóò ṣe tẹ̀léra, àti ohun tí yóò mọ̀ lára nígbà tí a bá ń ṣe é. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ́ńdóskópì ni àwọn oníṣègùn ń pe àyẹ̀wò yìí. Rọ́bà gígùn kan tí ó ṣeé tẹ̀, tí iná àti kámẹ́rà tíńtín wà ní orí rẹ̀, ni dókítà ń gba ẹnu kì wọ ọ̀nà oúnjẹ, dé àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń dé sí, àti dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, tí ohun gbogbo tí kámẹ́rà rí yóò sì máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe àlejò ní Èkìtì mọ́: àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì ti kọ ìwé ìwádìí lórí ohun tí wọ́n fi rí nínú àwọn aláìsàn wọn.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù jù ni pé èémí yóò há. Ọ̀nà méjì ni ó wà nínú ọ̀fun, ọ̀kan fún èémí, èkejì fún oúnjẹ, ti oúnjẹ ni rọ́bà náà sì ń gbà, nítorí náà aláìsàn yóò máa mí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìbú rọ́bà náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ. Òkèlè iyán tí ọmọ Èkìtì ń gbé mì láìronú nípọn jù ú lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó fín oògùn kan tí ó korò sí ọ̀fun kí ó lè kú tipiri, a ó fi ike kékeré kan sáàárín eyín kí aláìsàn má bàa gé rọ́bà jẹ, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Èébì lè máa gbé e nígbà tí rọ́bà bá ń kọjá ní ọ̀fun, èyí kì í sì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́. Kí ó máa fi imú mí díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu dípò kí ó máa gbé e mì. Ìṣẹ́jú 5 sí 15 ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà.

Ó tọ́ kí a mọ̀ pé àyẹ̀wò náà ti rọrùn ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1868, ọ̀pá irin gbọọrọ tí kò ṣeé tẹ̀ ni dókítà Adolf Kussmaul lò ní Jámánì, ọkùnrin tí ń fi gbígbé idà mì ṣe iṣẹ́ jẹun ni ó sì rí tí ó lè gbà á sọ́fun. Dókítà Basil Hirschowitz ni ó gbé èyí tí ó ṣeé tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957, ọdún kan náà tí a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ gbé e mì kí ó tó lò ó fún aláìsàn.

Ní ti ìpalẹ̀mọ́, ikùn gbọdọ̀ ṣófo, nítorí pé oúnjẹ tí ó bá kù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí dókítà ríran dáadáa, ó sì lè bì jáde kí ó gba ọ̀nà èémí lọ. Wákàtí 6 sí 8 ni a sábà ń fi sílẹ̀ láìjẹun, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí a dá àárọ̀ fún ní láti tètè jẹ iyán alẹ́ rẹ̀, kí ó má sì tọ́ kinní kan wò bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: kí aláìsàn sọ nípa àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, oyún, eyín àtọwọ́dá, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti àgbo tí ó ń mu, kí ó má sì fi Alábùkún pamọ́, nítorí pé ásípírìnì wà nínú rẹ̀, ásípírìnì sì lè dá ọgbẹ́ sí àpòlúkù. Oògùn ọgbẹ́ inú bíi omeprazole lè bo kòkòrò tí ó lè fa ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ bí a ó bá dá a dúró. Kí ó béèrè pẹ̀lú bí a ṣe ń fọ rọ́bà náà lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, iye owó àyẹ̀wò náà, àti bóyá owó àyẹ̀wò ẹran ara tí a bá gé wà lọ́tọ̀; kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn mìíràn a máa fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí ó ń múni tòògbé, òmíràn kì í fún un, ó sì yẹ kí ènìyàn mọ èyí tí ó ń lọ bá. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà fún wákàtí 24, àti pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, nítorí náà kí ará ilé kan bá a lọ, kí ó sì bá a padà.

Ẹ̀rù kan wà tí aláìsàn kì í sábà sọ jáde, ìyẹn ẹ̀rù ohun tí a ó bá nínú. Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú, kámẹ́rà kì í sì í dá àrùn sílẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni a fi ń di ẹ̀bi ọgbẹ́ inú ru ata, ebi àti ìrònú, títí àwọn dókítà Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà fi rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú àpòlúkù ní 1982. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall mu kòkòrò náà ní 1984, ẹ́ńdóskópì sì fi hàn pé inú rẹ̀ ti wú. Ní 2005 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Oògùn apakòkòrò tí a ń lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lè lé kòkòrò náà lọ. Bí dókítà bá gé ẹran tíńtín kan, kì í dunni, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti rí jẹjẹrẹ. Àwọn tí ń wo ẹran ara lábẹ́ maikirosikópù ni yóò sọ ohun tí ó jẹ́, èsì wọn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, gígùnfẹ̀ àti ọ̀fun dídùn díẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì. Kí aláìsàn má mu omi títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi jí. Ewu ńlá ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tí ó ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tí ibà mú, tàbí tí àyà tàbí inú ń dùn gidigidi, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru, kí ó sì mú ìwé èsì rẹ̀ dání.