Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Á Gba Windows Titun?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ń lo kọ̀ǹpútà báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí ní ilé. Ní ọjọ́ kan, ẹ ó tan kọ̀ǹpútà náà, ẹ ó sì kà á lójú rẹ̀ pé Windows titun ti dé, kí ẹ wá gbà á. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ò fẹ́ wàhálà o," kò sì ní fọwọ́ kàn án láéláé. Ta ni ó ṣe é dáadáa nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni Windows?

Kọ̀ǹpútà kò lè dá ṣiṣẹ́. Ètò kan ní láti wà nínú rẹ̀ tí yóò máa darí rẹ̀. Ètò yìí ni ó ń gba ohun tí a bá tẹ̀, tí ó ń tọ́jú ìwé tí a bá kọ, tí ó sì ń rán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níṣẹ́. Ó dà bí baálé nínú agbo ilé: ohun gbogbo tí ó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó ní láti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Windows ni orúkọ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe é. Windows 10 jáde ní ọdún 2015. Windows 11 jáde ní ọdún 2021.

Ẹ má pẹ́ jù

Bí Microsoft bá rí ihò tí olè lè gbà wọ inú Windows, wọ́n á dí i. Wọ́n á fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe èyí títí láé. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé, wọ́n á dáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà náà kò ní kú lọ́jọ́ náà. Yóò máa ṣiṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti lọ sílé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn olè kan rán kòkòrò búburú kan jáde, WannaCry ni wọ́n ń pè é. Ó ti ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, ó ní àfi kí olówó rẹ̀ san owó kí ó tó ṣí i. Kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ni ó kọlù, ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ní Ìlú Ọba, ilé ìwòsàn ìjọba dá aláìsàn padà sílé, nítorí dókítà kò rí ìwé wọn kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti fi àtúnṣe tí ó dí ihò náà ránṣẹ́. Àwọn tí kò gbà á ni ọ̀rọ̀ náà bá. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹ má kánjú jù

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows 10. Àwọn tí ara ń yá gbà á lójú ẹsẹ̀. Ìwé àti àwòrán àwọn kan nínú wọn parẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Microsoft fi dá àtúnṣe náà dúró. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n gbé e jáde padà ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré bọ́ nínú ewu náà.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: Ṣé wọ́n ṣì ń ṣọ́ Windows tí mo ń lò? Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ó ní àmì fèrèsé, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá tẹ R. Ẹ kọ winver sí àyè tí ó bá yọ, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ ó ka orúkọ Windows yín níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Windows 10, ìṣọ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Microsoft fi ọdún kan kún un, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tí ó bá forúkọ kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì: Ṣé kọ̀ǹpútà mi lè gbé titun náà? Ó kéré tán, Windows 11 ń fẹ́ mẹ́mórì GB 4, àyè ìtọ́jú ìwé GB 64, àti ohun ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017 kò kún ojú ìwọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tọ́kunbọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta: Ṣé irinṣẹ́ mi yóò bá a ṣiṣẹ́? Ẹ bi ẹni tí ó ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ètò ìṣirò owó fún yín.

Bí ìṣọ́ bá ṣì wà lórí ti àtijọ́, ẹ dúró fún oṣù díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ gba titun ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á kí ọjọ́ ìṣọ́ tó pé. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ẹ rò ó wò: ìyá aláṣọ kan kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé yẹn bá sọnù, kí ni yóò fi sin owó? Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé yín sínú fláàṣì. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà wò bóyá ó pé, kí ẹ sì yọ fláàṣì náà kúrò. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ ọjà. Ẹ má ṣe é nígbà tí iná ń lọ tí ń bọ̀, àfi bí bátìrì bá kún. Ẹ ra dátà tí ó tó, nítorí ó ń jẹ ẹ́ púpọ̀.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè gbé Windows 11, ẹ má fi agbára mú un. Ètò mìíràn wà tí a ń pè ní Ubuntu, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ máa tu owó jọ fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tí kò ní ìṣọ́ mọ́ ṣe iṣẹ́ báńkì.

Ìbéèrè

1. Irú iṣẹ́ wo ni Windows ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà?
2. Kí ni ó fà á tí WannaCry fi rí ọ̀nà wọlé?
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó kánjú ní ọdún 2018?
4. Kọ ohun mẹ́ta tí ìwọ yóò ṣe kí o tó gba Windows titun.