IBO NI ABOYÚN YÓÒ KÚNLẸ̀ SÍ?
Ẹ̀kọ́ fún ìdílé tí ń retí ọmọ mìíràn
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 35:16-20, Ẹ́kísódù 1:15-21

  Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ nínú àjọ̀dún ní Olówógbowó yìí, aboyún pọ̀ láàárín wa. Gbogbo wa la sì ń gbàdúrà pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹni tó ń retí àkọ́bí máa ń bẹ̀rù, ó sì máa ń béèrè. Ẹni tó ti bí rí ni kì í béèrè mọ́. Á ní, "Ibi tí mo bí àwọn tó kù sí náà ni." Ẹ̀yin gan-an la kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọkọ wọn.

1. RÁKÉLÌ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Nígbà tí Rákélì bí Jósẹ́fù, ó bẹ Ọlọ́run pé kó tún fún òun ní ọmọkùnrin kan sí i (Jẹ́nẹ́sísì 30:24). Ọlọ́run gbọ́. Oyún dé, oṣù rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ìrọbí ti bá a. Wọ́n ti kúrò ní Bẹ́tẹ́lì, wọn kò sì tíì dé Éfúrátà. Agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń tù ú nínú pé kó má bẹ̀rù, ọkùnrin náà ni yóò tún bí. Òótọ́ sì ni, ọkùnrin ni. Ọmọ yè, ìyá kú, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ta ló lè sọ pé Rákélì kò gbàdúrà? Àdúrà ló fi gba oyún náà. Ta ló lè sọ pé kò ní agbẹ̀bí? Agbẹ̀bí wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ibi tí wọ́n lè sáré gbé e lọ nígbà tí ìrọbí le. Láyé ìgbà yẹn, kò sí i níbì kankan. Lónìí ó wà. Ọsibítù ìjọba fún àwọn aboyún wà ní Campbell Street, lórí erékùṣù Èkó tiwa yìí kan náà.

2. Ẹ JẸ́ KÁ JẸ́WỌ́ TIWA

Arábìnrin kan bí ọmọ mẹ́ta ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ariwo ayọ̀ ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àwọn màmá wa gbàdúrà, wọ́n fún un ní omi àdúrà mu. Nígbà tí a ó fi rí mọ́tò, ọ̀sán ti pọ́n, èrò ọjà ti kún ojú ọ̀nà láti Apọ́ngbọ̀n lọ. Ọlọ́run yọ ọ́, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní láti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dá.

Lẹ́yìn náà, a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìbí wa. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, akọ tàbí abo, àti iye owó ìdúpẹ́. Kò síbi tí a kọ ọ́ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù nígbà tó bí ẹ̀kẹta. Àwọn tó gbẹ̀bí rẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọwọ́ wa ni ìwé náà wà, àwa la fa ìlà rẹ̀. Ẹ̀bi wa ni.

3. OYÚN KAN KÌ Í ṢE ÈKEJÌ

Ìka ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni oyún. Kí ìdílé tó yan ibi tí aboyún yóò bí sí, ẹ wo ohun tí àwọn ìbí àtẹ̀yìnwá sọ.

(a) Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí kí ọmọ tó jáde, ojú àpá náà lè ya nígbà ìrọbí. Ọsibítù tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó lọ, kì í ṣe ibòmíràn.

(b) Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ jù lẹ́yìn ìbí rí, ó lè tún pọ̀. Ẹni tó ti bí tó márùn-ún, ilé ọmọ rẹ̀ lè má tètè sún kì mọ́.

(d) Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí gìrì bá ti mú un nínú oyún rí, ó lè tún padà wá.

(e) Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Àkọ́bí rẹ̀ sábà máa ń jáde láìléwu. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà bá yàtọ̀ sí tìyá, ara ìyá lè kọ́ bí yóò ṣe máa bá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó tẹ̀lé e jà. Abẹ́rẹ́ anti-D, tí wọ́n fún ìyá láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbí, ló ń dènà rẹ̀. Ta ló mọ iye ọmọ tí a ti pè ní àbíkú, tó jẹ́ pé ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ni!

(ẹ) Ìbejì, ọmọ tó dábùú, ọmọ tó fi ìdí síwájú: ọsibítù ńlá ni ti gbogbo wọn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìrọbí ọmọ kejì tàbí ẹ̀kẹta sábà máa ń yára ju ti àkọ́bí lọ. Ẹni tó bá ní òun á dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, bó ti ṣe nígbà àkọ́kọ́, lè bímọ sójú ọ̀nà.

4. ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ Ẹ BI ILÉ ÌGBẸ̀BÍ

Ẹ bi gbogbo ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ ní ìbéèrè wọ̀nyí, títí kan ilé ìgbẹ̀bí tiwa. A kò ní bínú.

Ta ló máa gbẹ̀bí, níbo ló ti kọ́ṣẹ́, ṣé ó máa ń wà níbẹ̀ lóru?

Ṣé wọ́n ní abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tí ń mú kí ilé ọmọ sún kì lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde? Ibi tútù ló yẹ kó máa wà. Tí iná bá lọ ńkọ́?

Ṣé wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, àbí ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó? Bí ó bá ti kún ìgò omi kékeré, ìyẹn ìdajì lítà, ewu ti dé. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń tọ́jú ìyá lójú ẹsẹ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ju ìdajì lọ.

Bó bá le, ọsibítù wo ni wọ́n máa gbé e lọ? Mọ́tò ta ni? Ta ló máa wà á ní aago méjì òru?

Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n máa fà sí i lára? Kí ọkọ àti ẹbí ti lọ ṣe àyẹ̀wò ṣáájú. Kí wọ́n tún béèrè nípa ètò Ìlera Èkó, kí ọ̀rọ̀ owó má bàa dá aboyún dúró lẹ́nu ọ̀nà.

5. ṢÉ ÀÌNÍGBÀGBỌ́ NI?

Àwọn kan á béèrè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó dáa sì ni. Àwọn bàbá wa kò ṣàdédé di àdúrà mú. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ti 1918, oògùn kò ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́, àdúrà ni wọ́n sá di. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, nítorí pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lo kuníìnì, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn tí wọ́n di Christ Apostolic Church lẹ́yìn náà. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà wọn náà ló fi ọgbọ́n sínú àwọn ọmọ wa. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, ọmọ bíbí Èkó, gba oyè dókítà ní Dublin ní 1938. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Massey Street, nítòsí wa níhìn-ín, ló ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn obìnrin, tó sì di olórí ọsibítù náà láti 1960 sí 1969.

A máa ń gbàdúrà pé kí aboyún bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Àmín. Ṣùgbọ́n nínú orí Bíbélì kan náà, Ọlọ́run dárúkọ agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, Ó sì bù kún ilé wọn. A tún máa ń gbàdúrà pé ọ̀bẹ kò ní kan aboyún. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbẹ̀. Arábìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa ń jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ ìdúpẹ́ bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Nígbà oyún tó tẹ̀ lé e, ó lè fi àpá rẹ̀ pa mọ́, kó sá fún ọsibítù nítorí ìtìjú. Ìtìjú yẹn lè pa á, ọwọ́ wa ni yóò sì ti wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fojú bù ú pé ìyá bí 75,000 ló kú ní Nàìjíríà ní 2023 nítorí oyún àti ìbí. Ẹni tó bá tinú iṣẹ́ abẹ jáde láàyè, ẹ̀rí ni ó ní.

Nítorí náà, kí aboyún wá gba àdúrà lọ́dọ̀ wa, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó mú káàdì rẹ̀ wá hàn wá. Bí ọsibítù bá ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kó bí sí, àwọn màmá wa á bá a lọ, wọ́n á máa gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà. A ti fa ìlà tuntun sí ìwé àkọsílẹ̀ wa fún ẹ̀jẹ̀, fún ìnira, àti fún ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ sọ nígbà oyún mìíràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Rákélì ní, kí ni kò ní?
2. Ọkọ, ṣé o mọ irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ àti bí ìbí rẹ̀ tó kẹ́yìn ti rí?
3. Irú ẹ̀rí wo la máa ń pàtẹ́wọ́ fún nínú ìjọ wa, èwo la sì máa ń dákẹ́ sí?

ÀDÚRÀ: Olúwa, gbogbo aboyún tó wà nínú àjọ̀dún yìí, sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀. Má jẹ́ kí ìgbéraga wa tàbí àìmọ̀kan wa dá ẹnikẹ́ni dúró sójú ọ̀nà. Fún agbẹ̀bí ní ọgbọ́n, fún dókítà ní ọwọ́ rere, kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ bá ìyá àti ọmọ ní ìdúró. Àmín.